Ìjókòó Iwájú Nínú Bàálù Èkó

Ẹni ọdún méjìlélógójì ni mí nígbà tí mo gbé ìyàwó mi wọ bàálù láti Jos lọ sí Èkó. Ó kù díẹ̀ kí àwọn ológun gbé ìjọba fún àwọn olóṣèlú, ọyẹ́ ọdún náà sì mú ju èyí tí mo lè rántí lọ. Ó ti rẹ̀ mí kí ìrìn àjò náà tó bẹ̀rẹ̀. Títí di òní, bí mo bá ń rò ó, àárẹ̀ náà ló máa ń kọ́kọ́ padà wá, kí ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ tó dé.

Ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ìyàwó mi yọ̀ ṣubú lórí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Angwan Rukuba, níbi tó ti ń ká aṣọ tó sá. Egungun itan rẹ̀ ṣẹ́, lókè orúnkún díẹ̀. Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ ní Jos di ẹsẹ̀ náà mọ́ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, ó fi báńdéèjì wé e láti itan dé kókósẹ̀, ó sì kọ lẹ́tà fún wa pé kí á lọ bá àwọn oníṣẹ́ egungun ní ilé ìwòsàn kan ní Èkó. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi lẹ́nu ọ̀nà, ó sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì: "Ẹ má jẹ́ kí orúnkún yẹn ká. Nínà ni kó máa wà. Bí egungun náà bá yẹ̀ kí ẹ tó débẹ̀, ìrìn rẹ̀ lè má gún mọ́ láéláé."

Ọ̀nà mọ́tò jìn, ó sì kún fún kòtò. Bàálù ni mo yàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi àti ìyàwó mi kò wọ̀ ọ́ rí. Akọ̀wé tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì láàárín ìlú fara balẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ mi. Ó ṣàlàyé pé ẹsẹ̀ kì í ríbi nà nínú bàálù náà, nítorí pé àga kan fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan ẹ̀yìn èkejì. Ìlà kìíní nìkan ló yàtọ̀. Ògiri ló wà níwájú rẹ̀, àyè sì wà láàárín. Ó kọ nọ́mbà àga méjì nílà kìíní sílẹ̀ fún wa, ó fi bírò pupa fàlà sí i nídìí.

"Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba èyí lọ́wọ́ yín o, Málàm."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ta ni yóò gba ohun tí a kọ nọ́mbà sí?

Ọjọ́ mẹ́ta la fi lọ sí pápá bàálù. Lọ́jọ́ kìíní, ní ìdájí, a tẹ́ ìyàwó mi sí ẹ̀yìn takisí, ìrọ̀rí mẹ́ta lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. A gba Bukuru, a kọjá Du, eruku ọyẹ́ sì bo ojú ọ̀run débi pé iná mọ́tò ni awakọ̀ fi ń wa ọkọ̀. A jókòó títí di ọ̀sán kí wọ́n tó wá sọ pé bàálù kò ní lè balẹ̀. A padà sílé. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà. Nígbàkígbà tí takisí bá bọ́ sí kòtò, ìyàwó mi a di ọwọ́ mi mú. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹta tí a gbọ́ ariwo bàálù lókè, inú mi kò tilẹ̀ dùn. Ohun tí mo kàn ń wá ni ibi tí màá gbé e sí, kí èmi náà jókòó tì í.

Bí wọ́n ṣe ní kí á máa wọlé, gbogbo èrò sáré. Nígbà yẹn, nọ́mbà wà lórí káàdì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ já bọ́ọ̀sì gbà. Àwa la kẹ́yìn, nítorí pé àwọn alábàárù méjì ló gbé ìyàwó mi sórí àga onígi, tí wọ́n ń gbé e gun àtẹ̀gùn ní díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yìn ni ilẹ̀kùn bàálù náà wà. Mo fi wọ́n sílẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo ṣíwájú lọ wo àga wa.

Ẹnì kan ti jókòó sórí rẹ̀.

Bó bá jẹ́ ẹni tí n kò mọ̀ ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá rọrùn. Bàbá tó jẹ́ olórí àwọn ọmọ ìlú wa ní Jos ni, ọ̀kan nínú àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti ń ta aṣọ níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé mi wá ṣe tíṣà, tí n kò mọ ẹnì kan tí n kò sì gbọ́ Hausa, ilé Bàbá yìí ni mo sùn fún oṣù mẹ́rin, oúnjẹ ilé wọn ni mo sì ń jẹ. Ọmọ wọn tó wà ní Èkó ló ra tíkẹ́ẹ̀tì fún wọn lọ́tẹ̀ yìí, kí ọkọ̀ ojú irin má baà tún gbò wọ́n. Wọn kò wọ bàálù rí. Ohun tí wọ́n sì mọ̀ láyé wọn ni pé nínú ọkọ̀, iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ ni àgbà máa ń jókòó. Wọ́n bèèrè ibi tí awakọ̀ bàálù wà, wọ́n sì lọ jókòó sí àga tó sún mọ́ ọn jù. Wọ́n gbé ẹrù wọn lé àga kejì.

Ibí yìí ni mo ti ṣe àṣìṣe mi. Mo rí nọ́mbà náà, ó bá káàdì mi mu. Ṣùgbọ́n ojú mi ti bá ti Bàbá, ara mi sì ti dọ̀bálẹ̀ kí ọkàn mi tó rò ó. Àyè kò tó láàárín àga, mo kàn fún ara mi mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ kú àárọ̀ sà, Bàbá. Ẹ kú ìrìn. Ẹ kú ọyẹ́."

"Àh-àh! Tíṣà! Dìde, dìde. Ìwọ náà ń lọ? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé ìyàwó ṣubú. Mo ní kí n wá, otútù yìí ni ò jẹ́. Ara rẹ̀ ti yá?"

"A dúpẹ́ sà. Ó ti ń yá. Àwa méjèèjì la jọ ń lọ."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ wá ibi jókòó, àga pọ̀ lẹ́yìn."

Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nígbà náà. Mo la ẹnu, mo sì pa á dé. Báwo ni màá ṣe lé ẹni tó gbà mí sílé dìde? Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Bàbá kò mọ̀wé. Bí mo bá dárúkọ nọ́mbà, mo rò pé mo fẹ́ dójú tì wọ́n láàárín èrò nìyẹn.

Ọ̀kan nínú àwọn alábàárù pè mí láti ẹ̀yìn: "Malam, ina za mu ajiye ta?" Ó ń bèèrè ibi tí àwọn yóò gbé e sí.

Mo nawọ́ sí àga méjì tó ṣófo nítòsí ilẹ̀kùn.

Nígbà tí wọ́n gbé e jókòó tán, ìyàwó mi wo ẹ̀yìn àga tó wà níwájú rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà kò ríbi gbà. Àfi kí á nà án sí ojú ọ̀nà tí èrò ń gbà.

"Ṣé nọ́mbà tí wọ́n fa pupa sí nìyí?"

"Bàbá ló wà níbẹ̀."

"Bàbá wo?"

"Bàbá wa."

"Ṣé ẹ sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ mi ò lè ká?"

"Mo kí wọn."

"Mo rí i pé ẹ kí wọn. Gbogbo bàálù ló rí i. Mo ní ṣé ẹ sọ fún wọn?"

"Jọ̀ọ́, ìyá wọn. Àgbàlagbà ni."

"Ẹsẹ̀ mi ò mọ àgbàlagbà," ó ní, ó sì yíjú sí fèrèsé.

Obìnrin kan wà ní òdìkejì wa, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Jos, tó ń ra kárọ́ọ̀tì ní ọjà Farin Gada lọ tà ní Èkó. Agbọ̀n kan wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti gbọ́ gbogbo ohun tí a sọ.

"Hàbà, Tíṣà! Àga yín, ẹ ò lè bèèrè? Ṣé kí n lọ bá wọn sọ ọ́?"

"Rárá o, ẹ jọ̀ọ́."

"To, ó dáa. Ìkíni yín rèé, ẹsẹ̀ ìyàwó yín ló máa rù ú." Ṣùgbọ́n ó tú ìborùn rẹ̀, ó ká a, ó sì fi í sábẹ́ gìgísẹ̀ ìyàwó mi.

Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú èrò kọjá, ó ní ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ dí ọ̀nà nígbà tí bàálù bá ń gbéra. A rọra yí ìyàwó mi, a ti ẹsẹ̀ náà wọlé. Pákó yẹ̀ lábẹ́ báńdéèjì, orúnkún sì ká. Mo rí i tó ká. Ìyàwó mi kò ké, ó kàn fi eyín di ètè rẹ̀ mú. Èmi náà jókòó, mo di bẹ́líìtì mi, mo sì ń sọ fún ara mi pé kò ní pẹ́ tí a ó fi dé.

Nígbà tí bàálù ti dúró dáadáa lókè, a tún na ẹsẹ̀ náà sójú ọ̀nà. Afẹ́fẹ́ ń gbọ̀n wá. Ọkùnrin kan dìde, ó ń lọ sí ilé ìtọ̀ tó wà lẹ́yìn wa. Bàálù fì, ọkùnrin náà sì kọsẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ wó lé ẹsẹ̀ ìyàwó mi.

Lọ́tẹ̀ yìí, ó ké. Gbogbo èrò yíjú padà.

Mo rí Bàbá tó dìde níwájú. Wọ́n ń di ẹ̀yìn àga mú lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n wo pákó méjèèjì, wọ́n wo báńdéèjì.

"Tíṣà, o ní ó ti ń yá."

Obìnrin oníkárọ́ọ̀tì ló fèsì.

"Bàbá, ẹ má bínú o. Àga tí ẹ jókòó sí yẹn, tiwọn ni. Nítorí ẹsẹ̀ yìí ni wọ́n ṣe fún wọn níwájú. Kunya ló mú Tíṣà, ojú ń tì wọ́n láti sọ ọ́."

"Òótọ́ ni, Tíṣà?"

"Òótọ́ ni sà."

"Nígbà tí o dọ̀bálẹ̀ fún mi, o ti mọ̀?"

"Mo ti mọ̀ sà."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Bàbá, ọ̀rọ̀ nọ́mbà ni. Ìwé ni. N ò fẹ́ kí..."

"N ò mọ̀wé," Bàbá ní, wọn kò sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Gbogbo Jos ló mọ̀ pé n ò mọ̀wé. Ta lo ń bò ó fún?"

Mo tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ ìyàwó mi.

"O bọ̀wọ̀ fún mi títí, o fi ọ̀wọ̀ sọ mí di ẹni tó gba ìjókòó lọ́wọ́ aláìsàn. Bóo bá ti ní, 'Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ ìyàwó mi ò lè ká, ibí ni wọ́n fún un,' ṣé màá gbá ọ létí ni? Ó yá, gbé e. Gbé e lọ síwájú."

Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tó ń tọ́jú èrò ti dé. Ó ní bàálù ti ń lọ sílẹ̀, kí gbogbo ènìyàn jókòó, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ẹnikẹ́ni. Bàbá kò padà síwájú. Ẹ̀gbẹ́ obìnrin oníkárọ́ọ̀tì ni wọ́n jókòó sí. Àga méjèèjì nílà kìíní ṣófo títí a fi balẹ̀ ní Èkó.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà gbé àwòrán egungun tí wọ́n yà ní Jos sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ yà. Egungun náà ti yẹ̀. Kò sọ ibi tó ti yẹ̀, èmi náà kò sì bi í. Ó lè jẹ́ kòtò ọ̀nà Du. Ó lè jẹ́ ọkùnrin tó kọsẹ̀. Ó sì lè jẹ́ ìgbà tí mo fi ọwọ́ ara mi ti orúnkún náà wọlé. Wọ́n là á, wọ́n tún un tò, a sì pẹ́ níbẹ̀ kọjá ohun tí a rò. Nígbà tí ìyàwó mi tún dìde rìn, ẹsẹ̀ kan ti kúrú ju èkejì lọ díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rìn títí di òní.

Bàbá wá sí ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó padà sí Jos. Ìyàwó mi ń tù wọ́n nínú. Ó ní, "Bàbá, ẹ ò mọ̀." Wọ́n ní, "Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí." Èmi wà lórí ìjókòó kejì, n kò lè gbójú sókè.

Ó pẹ́ kí n tó gbà pé ara mi ni mo ń dáàbò bò lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọn yóò sọ nípàdé ọmọ ìlú pé tíṣà lé Bàbá dìde. Mo pe ìbẹ̀rù yẹn ní ọ̀wọ̀.

Mo tún ti rí òdìkejì rẹ̀. Ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, nínú bàálù Jos kan náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan na káàdì sójú ìyá arúgbó kan, ó ń pàtẹ́wọ́ lé e lórí: "Ẹ dìde! Nọ́mbà mi nìyí!" Ìyá náà dìde. Ti ọmọkùnrin náà ni àga lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó wo ojú rẹ̀ títí a fi dé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mo bẹ̀ yín, ẹ fi tiwa kọ́gbọ́n. Bí ẹ bá bá ẹlòmíràn lórí ìjókòó yín, ẹ kọ́kọ́ kí i. Ẹ má dìde lórí ìkíni náà láìsọ ohun tó wà nínú yín. Ẹ sọ ọ́ ní ohùn pẹ̀lẹ́, ẹ sọ ìdí rẹ̀, kí ó sì jẹ́ létí ẹni náà nìkan. Bí ó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ni yóò jìyà ìdákẹ́jẹ́ yín, ẹ tètè sọ ọ́.