Ọkàn Kì Í Ṣe Ajá: Ikú Àáfà Àbídéènì ní Bíró Tó Ń Ṣọ́ Ìkórìíra

Èmi, Dókítà Ọláolú, Dirẹ́tọ̀ Àgbà Bíró Ojú-Ń-Ríran, ilé iṣẹ́ tó wà ní Akpakpa, ẹni tó ti bá mínísítà jókòó, tó ti bá òyìnbó mu tíì lókè òkun, ẹni tí kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ìlẹ̀kùn mọ́tò, mo kéde fún gbogbo Kùtọnu pé Àáfà Àbídéènì, òṣìṣẹ́ wa, kú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun níwájú ọ̀dínátọ̀, kọ̀ǹpútà tó fi ń ṣiṣẹ́, nínú bíró mi, níṣojú mi, mi ò sì rí i.

Kó má yà yín lẹ́nu. Ojú wa ń ríran lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tó jìnnà ló ń rí. Bí ẹnìkan bá bú ẹlòmíì ní Kaíró, a ó rí i. Bí wọ́n bá ń halẹ̀ mọ́ ìyá arúgbó kan ní Bàgídádì, a ó rí i. Bàbá tó gbé orí lé tábìlì láti aago mẹ́wàá òwúrọ̀ títí di ìrun Àsárì, tí kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́fà lọ sí ìlẹ̀kùn mi, ìyẹn ò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wa. Sé nọ́màlì. Bí mo ṣe máa ń sọ nìyẹn bí nǹkan bá bàjẹ́: bó ṣe yẹ kó rí ló rí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ wa, torí mo fẹ́ràn àlàyé ju oúnjẹ lọ. Lójoojúmọ́ ni àwọn tó ń sọ èdè Lárúbáwá ń kọ̀wé síra wọn lórí ayélujára. Àwọn kan nínú wọn ń bú ẹ̀yà ẹlẹ́ẹ̀yà àti ẹ̀sìn ẹlẹ́sìn, wọ́n ń ní kí wọ́n lé àjèjì, kí wọ́n dáná sun ilé aládùúgbò. Ẹ̀rọ wa ń kó ọ̀rọ̀ wọ̀nyí jọ, ó ń kà wọ́n, ó ń wo èyí tó ń pọ̀ sí i àti ìlú tó ti ń gbóná, kí wọ́n lè tètè kìlọ̀ kí ìjà tó bẹ́. Iṣẹ́ rere ni, Àáfà fúnra rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ̀rọ kì í mọ èébú láti inú ìyá rẹ̀. Ẹnìkan ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó lẹ àmì mọ́ ọn: ìkórìíra nìyí, èébú lásán nìyí, àwàdà nìyí. Ẹni yẹn ni Àáfà Àbídéènì ará Ṣakété, tó fi ọdún méje kàwé ní Kàtúúmù, tó padà wá dá ilé kéwú sílẹ̀ ní Agblangandan. Ẹgbẹ̀rin ọ̀rọ̀ lójúmọ́, fún odindi ọdún mẹ́ta.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jókòó sórí ẹní kéwú rí, ẹ mọ̀ pé ẹni tó kọ́ kéwú kì í fi ojú nìkan kàwé. Ètè gbọ́dọ̀ mì. Ẹgba ni wọ́n fi kọ́ wa. Nítorí náà, gbogbo èpè tí ẹnikẹ́ni bá kọ ní Damásíkù, ẹnu Àáfà ló ń gbà kọjá. Mùíbì tó jókòó tì í sọ pé bó ṣe ń kà á wúyẹ́wúyẹ́, ẹ ó rò pé tẹ̀sùbáà ló ń ṣe, àfi tẹ́ ẹ bá gbọ́ èdè náà. Ẹ pa wọ́n. Ẹ gbá wọn dànù. Eèrà ni wọ́n. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, lẹ́nu ẹni tí kò pe ewúrẹ́ ní olè rí.

Bó bá sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà zẹ̀mí ní Agblangandan, kì í kí ẹnikẹ́ni nílé. Kẹ́tù àlùwàlá ló kọ́kọ́ ń wá. Á fi omi ṣan ẹnu lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lọ́jọ́ míì lẹ́ẹ̀méje, á tu ú dànù sí ìdí ògiri, á wá yíjú sí ọmọ rẹ̀ obìnrin, á rẹ́rìn-ín: "Ó yá, Ìyá mi, ẹnu mi ti mọ́. Mo ti lè kí ọ báyìí." Báwo ni dirẹ́tọ̀ ṣe mọ ìyẹn? Dirẹ́tọ̀ mọ ohun gbogbo. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Ó wá bá mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ní àyà òun wúwo, ó ní oorun ti kọ òun, ó bẹ̀ mí kí dókítà wo òun, kí òun sì fi ọ̀sẹ̀ kan sinmi ìwé kíkà. Mo dáhùn, Mùíbì sì wà níbẹ̀ tó gbọ́: "Àáfà, ṣé àpò símẹ́ńtì lẹ ń rù ní èbúté ni? Ìjókòó lẹ jókòó." Gbogbo bíró rẹ́rìn-ín. Àáfà náà rẹ́rìn-ín, torí ọmọlúàbí ni. Ta ló wá wọn ìkórìíra ẹgbẹ̀rin ènìyàn lórí ìwọ̀n rí, tó fi mọ̀ pé kò wúwo tó símẹ́ńtì?

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, nígbà tó ti kú, ọ̀dínátọ̀ rẹ̀ gba ìkìlọ̀ mẹ́ta láti ọ̀dọ̀ wa pé iṣẹ́ rẹ̀ ń falẹ̀, kó tẹra mọ́ ọn. Ìgbà tí ìkìlọ̀ kẹta dún ni Mùíbì fọwọ́ kàn án léjìká.

Wọ́n sin ín sí Ṣakété. Dirẹ́tọ̀ ò lọ. Ó fi òdòdó ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń kírun sí òkú lára.

Ohun tó ń dùn mí jù ló kù yìí. Ní èdè Lárúbáwá, "ọkàn mi" àti "ajá mi" fara jọra létí. Ìsàlẹ̀ ọ̀fun lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń fa ti ọkàn wá; ẹ̀yìn ahọ́n ni wọ́n ti ń pe ti ajá. Lẹ́tà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ń kọ wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń fi lẹ́tà Faransé kọ Lárúbáwá lórí fóònù, àwa Nàgó sì rèé, k kan ṣoṣo l'Ọlọ́run fún wa. Kalbi ni méjèèjì. Bí àwọn ọmọ kéwú bá pè é báyẹn, Àáfà á ní, "Ẹ ti tún kó ajá wọlé. Ẹ lé e síta, kí ẹ wá pe ọkàn fún mi." Ẹ̀ẹ̀mejì ló kọ̀wé fún bíró pé bí ọmọ Nàgó bá kọ kalbi, kí ènìyàn yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ̀rọ tó dájọ́. Èsì tó rí gbà ni pé: "Àáfà, ẹ̀rọ ò ní èdè ìyá."

Lọ́jọ́ kejì ikú rẹ̀, bíró gbé ìkéde ìbánikẹ́dùn síta lórí ojú-ìwé rẹ̀. Àdánù ńlá, wọ́n ní. Àwòrán Dirẹ́tọ̀ ló wà níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Ọmọ Àáfà wá kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sísàlẹ̀ rẹ̀: Baba, kalbi mata. Bàbá, ọkàn mi ti kú.

Ẹ̀rọ ka ajá. Ó rí bàbá, ó rí ajá, ó rí ikú, ó sì gbé e sọnù. "A ti yọ ọ̀rọ̀ ìkórìíra yín kúrò." Wọ́n fi ẹjọ́ ọmọ náà sun àwọn tó ni ìkànnì ayélujára náà, wọ́n sì ti ojú-ìwé rẹ̀ pa. Inú ojú-ìwé yẹn ni ohùn bàbá rẹ̀ wà, ogójì ẹ̀kọ́ kéwú tó gbà sílẹ̀ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó ti ń ṣàwàdà àti èyí tó ti ń wúkọ́. Kò sí níbòmíì láyé yìí. Nígbà tí ìwé ìròyìn tí bíró ń tẹ̀ lóṣooṣù jáde, tó dán bí awo òyìnbó, ẹ wo ohun tó wà lójú-ewé kẹsàn-án: láti Kùtọnu, ọ̀rọ̀ ìkórìíra kan.

Ẹyọ kan. Ẹkún ọmọ òkú. Orúkọ Àáfà kò sì sí níbì kankan nínú ìwé náà, ẹni tó fi ẹnu ara rẹ̀ kọ́ ẹ̀rọ yín lọ́rọ̀ bí ẹni ń kọ́ ọmọ.

Ó tó. Ẹnu ti ń ro mí torí ohùn tí mo ń gbé yìí.

Dókítà Ọláolú kọ́ ló kọ ìwé yìí. Èmi Nàfísátù ni, ọmọ Àáfà Àbídéènì, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Kíláàsì kẹta ni mo ti fi kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀. Mo mọ ènìyàn sín jẹ. Mo ti fi ohùn Dirẹ́tọ̀ pe gáàdì wọn lórí fóònù rí, ó dìde dúró kó tó dá mi lóhùn. Mo fi ohùn tèmi kọ̀wé sí wọn nígbà mẹ́rin lẹ́yìn ìsìnkú. Kò sẹ́ni tó fèsì. Mo fi ohùn ọ̀gá kọ èyí, ẹ sì kà á dé ìsàlẹ̀.

Mo fẹ́ kí wọ́n ṣí ojú-ìwé mi, kí n gbọ́ bàbá mi. Kí wọ́n pa ẹyọ kan yẹn rẹ́ nínú ìwé wọn, kí wọ́n kọ orúkọ Àbídéènì síbẹ̀. Kí dókítà wo Mùíbì àtàwọn mọ́kànlá tó kù tó ń ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní bíró lọ́sẹ̀ yìí, torí ètè wọn ṣì ń mì. Ẹ̀yin aláṣẹ tó yẹ kó máa yẹ ibi iṣẹ́ wò, ẹ lọ bi Dirẹ́tọ̀ pé ta ló sọ pé kí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ dókítà padà sídìí iṣẹ́.

Bí inú bá sì ń bí Dirẹ́tọ̀ pé mo jí ohùn òun lò, kó jáde wá gbà á níṣojú gbogbo ènìyàn, kó sì fi dáhùn.