Ọjọ́ tí Bàbá Mi Sáré Lọ sídìí Bàálù Bọ́ǹbù

Ọjọ́ tí mo mú bàbá mi lọ wo àwọn bàálù àtijọ́ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Houston kò lè kúrò lọ́kàn mi láé. Nígbà èwe wọn ní London, wọ́n ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì fún ológun Gẹ̀ẹ́sì, lórí bàálù tí ń gbé bọ́ǹbù átọ́míìkì. A bá irú rẹ̀ níbẹ̀.

Lójijì, aago tó ń kéde pé iná ń jó dún. Gbogbo èèyàn sá jáde. Bàbá mi ju ọ̀pá ìtẹ̀lẹ̀ wọn sílẹ̀, wọ́n sáré lọ sídìí bàálù náà. Mo dì wọ́n mú.

"Dádì, ẹ jẹ́ ká jáde!"

"Aago ti dún, ogun ti dé! Bàálù gbọ́dọ̀ gbéra!"

Kò síná kankan. Nígbà tá a wọ mọ́tò, bàbá mi sunkún.

"Èmi ni mo máa ń tún bàálù yẹn ṣe nígbà náà," ni wọ́n wí, "mo sì ń gbàdúrà lójoojúmọ́ kó má gbé bọ́ǹbù yẹn lọ síbì kankan. Ọlọ́run gbọ́."