Ẹ Pa Ohùn Rẹ̀ Ná

Ní Old Market ní Lọ́kọ́ja, bí ẹnì kan bá rí ìpolówó ọjà lórí fóònù rẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ ń sọ pé kí ó rà á, tí ọkàn kejì ń sọ pé kí ó rọra, ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tí etí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń gbé e lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bàbá Làtífù, tí gbogbo ọjà mọ̀ sí Bàbá Ẹlẹ́rọ, yóò na ọwọ́ gba fóònù náà, yóò ti gíláàsì ojú rẹ̀ sókè, ohun àkọ́kọ́ tí yóò sì sọ ni pé, "Ẹ pa ohùn rẹ̀ ná." Kì í ṣe nítorí tirẹ̀ o. Òun kúkú ti mọ ohun tó ń wá. Nítorí ẹni tó gbé e wá ni, torí pé ohùn dídùn ni wọ́n máa ń fi mú wa, ojú ni ọ̀rọ̀ sì wà.

Ọmọ Ìlọrin ni, ṣùgbọ́n Lọ́kọ́ja ni wọ́n ti bí i, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti bí bàbá rẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ta aṣọ àti bàtà, òun lọ ra ẹ̀rọ tó ń lọ àgbàdo, ọkà bàbà àti èlùbọ́, ó gbé e kalẹ̀ sí ọ̀nà tóóró kan tó já sí etí odò Ọya. Ariwo ẹ̀rọ yẹn kì í ṣe kékeré. Bí ó bá ti ń ké, bí o bá pariwo sí etí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, itọ́ lásán lo kàn ń tu sí i lára. Àwọn àgbẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Àgbàjà pẹ̀lú àpò àgbàdo, àwọn Nupe, Ebira, Igala àti Hausa ń tò sí ẹnu ọ̀nà, kálukú ń sọ bí ó ṣe fẹ́ kí ìyẹ̀fun òun kúnná tó. Bàbá Làtífù kì í gbọ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹnu wọn ló ń wò. Kò pẹ́ tó fi jẹ́ pé láti ọ̀ọ́kán ló ti ń mọ èdè tí èèyàn ń sọ, nítorí bí ẹnu ẹni tó ń sọ Nupe ṣe ń rìn kọ́ ni ti ẹni tó ń sọ Igala ń rìn. Lọ́jọ́ kan, obìnrin méjì dúró ní òdìkejì ọ̀nà, wọ́n ń sọ fún ara wọn ní Igala pé ahun paraku ni ọkùnrin yìí. Ó pa ẹ̀rọ, ó sì fi Igala dá wọn lóhùn pé bí ahun bá ti lè lọ àgbàdo kúnná, kí ni wọ́n tún ń fẹ́? Díẹ̀ ló kù kí wọ́n gbàgbé àgbàdo wọn síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ náà ṣe ń bọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ etí rẹ̀. Nígbà tó fi máa gbé iṣẹ́ náà fún àbúrò rẹ̀, tó sì kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ Jẹ̀mílátù ní Gánájà, ayé ti dákẹ́ fún un. Ọlọ́jà pọ́nńbélé ni Jẹ̀mílátù, aṣọ ọmọdé ló ń tà ní Old Market, kò sì sí ẹni tó ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń sọ pé òun rẹ́ ẹ jẹ. Ó ní ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Huda. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Huda, Bàbá Làtífù kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Ó mọ ẹ̀rín rẹ̀, ó mọ bí ó ṣe ń yọ ṣùtì bí inú bá ń bí i, ṣùgbọ́n kò mọ̀ bóyá ohùn ọmọ náà tẹ́ẹ́rẹ́ ni tàbí ó ki. Huda wá ń ka Kùránì, ó kà á, ó kà á, ó parí rẹ̀. Wọ́n dá ọjọ́ tí yóò kà á níwájú gbogbo ẹbí àti àwọn alùfáà, tí wọn yóò sì fi jíjẹ àti mímu bá a yọ̀. Ó dun Bàbá Làtífù dọ́kàn. Ẹnu ṣeé wò, ṣùgbọ́n ta ló lè fi ojú gbọ́ ohùn? Kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò yóò rí i.

Jẹ̀mílátù rí i. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí bàbá ṣe kírun Àsárì tán tó jókòó sí iwájú ilé, ó sáré jáde, fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, omi lójú rẹ̀. Huda tẹ̀ lé e. Ilé ìtajà kan tí wọ́n ń pè ní Etí-Ayọ̀ ló gbé fídíò sórí Fesibúùkù. Arúgbó onírùngbọ̀n funfun kan jókòó, ọmọbìnrin kan ki ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n fi ń gbọ́rọ̀ bọ etí rẹ̀, bàbá náà ta gìrì, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó bú sẹ́kún, ó sì ń sọ pé, "Ọmọ mi, mo mà ti ń gbọ́ ohùn rẹ báyìí o!" Lábẹ́ fídíò náà, wọ́n ní àwọn ti gé owó rẹ̀ sí ìdajì, aago kan sì ń ka wákàtí tó kù sẹ́yìn, wọ́n ní ó ti fẹ́ tán.

Jẹ̀mílátù ti ń wá nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tó fi ń sanwó lórí fóònù. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, inú bàbá dùn débi pé ó ti rí ara rẹ̀ níwájú àwọn alùfáà, tó ń mi orí sí ohùn Huda. Ó ní kí wọ́n tún fídíò náà fi hàn òun. Ó tún ní kí wọ́n tún un fi hàn. Ìgbà yẹn ni ojú rẹ̀ gbé nǹkan, ó sì wù ú gidigidi pé kí òun má tíì rí i. Bí ó bá dákẹ́, ọmọ rẹ̀ yóò sanwó, òun náà yóò sì ní ìrètí fún ọjọ́ díẹ̀. Ìrètí dùn. Ó gbé e mì, ó sì sọ̀rọ̀.

"Jẹ̀mílátù, kí ni ọkùnrin yìí ń sọ?"

Jẹ̀mílátù kọjú sí i, ó sọ ọ́ fún un.

"Tún un sọ. Rọra sọ ọ́."

Ó tún un sọ.

"Ó dáa. Nígbà tí o sọ 'ọmọ mi', ètè rẹ pàdé. Nígbà tí o sọ 'mo mà', ó tún pàdé. Pa ohùn fóònù yẹn, kí o wo tirẹ̀."

Jẹ̀mílátù pa ohùn rẹ̀. Láìsí ẹkún, láìsí orin tó ń dún lábẹ́ rẹ̀, fídíò náà kàn tutù. Ẹnu arúgbó náà ń là, ó ń yà, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ kò pàdé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Jẹ̀mílátù gbìyànjú láti sọ "ọmọ mi" láì pa ètè dé. Ohun tó jáde dà bí ti ẹni tó fi iṣu gbígbóná sẹ́nu. Huda bú sẹ́rìn-ín, ìyá rẹ̀ náà bá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì dé ojú rẹ̀.

"Kì í ṣe Yorùbá ló ń sọ," bàbá ní. "Kì í ṣe èdè kankan tó dé ìdí ẹ̀rọ mi rí. Wọ́n jí fídíò rẹ̀ níbì kan ni, wọ́n sì fi ohùn tiwa lé e lórí. Ẹni tó ń ta ojúlówó, ṣé kò rí arúgbó kan ní gbogbo ilẹ̀ yìí tó lè kì í bọ etí fún?"

Jẹ̀mílátù kò fẹ́ gbà. "Bàbá, ó lè jẹ́ pé wọ́n kàn túmọ̀ rẹ̀ ni. Ìyẹn ò ní kí ẹ̀rọ náà má dáa."

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ ni ọlọ́jà. Bi wọ́n léèrè bí ọlọ́jà ṣe ń bi ọlọ́jà."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló jí i. Ó nu ojú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ojú ewé Etí-Ayọ̀ wò bí ẹni tó ń yẹ ìrán aṣọ wò. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n ṣí i, orúkọ mìíràn ló sì kọ́kọ́ ń jẹ́, irun àtọwọ́dá ló ń tà nígbà yẹn. Àwọn tó ń yìn ín lábẹ́ fídíò pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ẹni tó pe ara rẹ̀ ní Sharon sọ, òun náà ni ẹni tó pe ara rẹ̀ ní Elisha sọ, àṣìkọ wọn pàápàá kò yàtọ̀. Ó pe nọ́ńbà ilé ìtajà náà. Ọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ dùn bí oyin ló gbé e.

"Ẹ kú ọrọ̀ ajé, ọ̀gá," Jẹ̀mílátù ní. "Ibo ni ṣọ́ọ̀bù yín wà?"

"Èkó ni, màdámù."

"Ibo ní Èkó? Mo ní ẹ̀gbọ́n níbẹ̀. Á gbé owó wá, á wò ó, á sì gbà á lọ́wọ́ yín."

"Rárá o, orí ayélujára nìkan la wà. Ẹ kọ́kọ́ sanwó ná, ọjà á wá bá yín. Ẹ yára o, ó ti kù díẹ̀." Ó ka nọ́ńbà àkáǹtì kan. Orúkọ ẹnì kan ló pè mọ́ ọn, kì í ṣe ti ilé ìtajà.

"Bí kò bá wá bá etí bàbá mi mu ńkọ́?"

"Màdámù, gbogbo etí ló ń bá mu."

"Gbogbo etí?" Jẹ̀mílátù dìde dúró. "Ọ̀gá, aṣọ ọmọdé ni mò ń tà. Láti ọjọ́ tí mo ti ń tà á, mi ò tíì rí aṣọ kan tó bá gbogbo ọmọ mu. Ẹ lọ wá iṣẹ́ gidi ṣe."

Ọkùnrin náà gé ìpè náà. Nígbà tí Jẹ̀mílátù tún pè, kò wọlé mọ́. Ó fi ojú ewé náà sun àwọn aláṣẹ Fesibúùkù, ó sì fi ohùn ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ wọn lọ́jà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi owó rẹ̀ jóná níbẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń gbé fóònù wá bá Bàbá Ẹlẹ́rọ.

Inú bàbá bàjẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò jẹun tó. Jẹ̀mílátù jókòó síwájú rẹ̀ kí ó lè rí ẹnu òun dáadáa. "Bàbá, owó wa ṣì wà lọ́wọ́ wa. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. A ó lọ síbi tí wọ́n ti ń wo etí kí wọ́n tó tà á."

Ilé ìwòsàn ni wọ́n lọ. Dókítà etí tó wà níbẹ̀, Àyọ̀ká ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìjùmú, "Okun o, bàbá," ló fi kí i, bí àwọn ará wọn ṣe máa ń kíni. Ó mú bàbá wọ inú yàrá kan tí kò ní ariwo, ó fi ìró oríṣiríṣi dán etí rẹ̀ wò. Jẹ̀mílátù béèrè rìsíìtì, ó béèrè ẹni tí yóò tún ẹ̀rọ etí náà ṣe bí ó bá bàjẹ́, ó béèrè bóyá ó ń bá gbogbo etí mu. Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ní bí ó bá ń bá gbogbo etí mu, kí ni òun ń wọn ti bàbá fún? Ó sì sọ ọ́ gbangba pé ẹ̀rọ náà kò ní sọ ọ́ di ọmọdé, yóò kàn ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn fi Jẹ̀mílátù lọ́kàn balẹ̀ ju gbogbo àdínkù owó ayé lọ.

Ọ̀sẹ̀ tí Huda yóò ka Kùránì níwájú ẹbí ni ẹ̀rọ náà dé. Gbogbo wọn jọ lọ sí ilé ìwòsàn. Huda ti wẹ̀, ó ti wé hìjáábù rẹ̀ tuntun, ó ti ń ka Fátíhà lábẹ́nu kí ó má bàa ṣì í níwájú bàbá àgbà. Dókítà fi ẹ̀rọ náà sí etí bàbá, ó yí bọ́tìnnì kan. Ó ní kí bàbá kọjú sí ògiri, kí ẹnì kan dúró sẹ́yìn rẹ̀ kí ó sọ̀rọ̀, kí ó má bàa wo ẹnu. Huda ti ń bọ̀, ṣùgbọ́n Jẹ̀mílátù ló ti wà lẹ́yìn bàbá tẹ́lẹ̀, kò sì lè dúró mọ́.

"Bàbá, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

Bàbá kò yíjú padà.

"Màrdíyà?"

Màrdíyà ni ìyàwó rẹ̀, ìyá Jẹ̀mílátù. Ọmọ kékeré tí ohùn rẹ̀ kò tíì gbó ni Jẹ̀mílátù nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, kí ohùn tirẹ̀ sì tó gbó, etí bàbá ti lọ. Kò sí ẹni tó sọ fún un rí pé ohùn Màrdíyà ni ọmọ rẹ̀ jogún.

"Èmi ni, Bàbá," ó ní. "Jẹ̀mílátù ni."

"Mo mọ̀," bàbá ní, ó ṣì kọjú sí ògiri. "Huda, ọmọ mi, ní sùúrù díẹ̀ fún mi. Jẹ̀mílátù, tún un sọ."