Ìgò Jáàmù Tó Wà Lábẹ́ Kóòtù Halvor

Ọdún kẹtàlá rèé tí Halvor Rud ti ń dá gbé nínú oko àlìkámà rẹ̀ ní Àríwá Dakota. Kò níyàwó, kò bímọ, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n jọ dá oko náà sì ti kú. Bó bá sọ̀rọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, ẹṣin ló ń bá sọ ọ́. Ẹ má wulẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò dá gbé rí ni kò mọ̀ pé ebi máa ń pa etí náà.

Ìdí nìyẹn tó fi ń lọ sí báǹkì ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Dọ́là kan ló ń mú lọ, nígbà mìíràn ààbọ̀ dọ́là. Owó kọ́ ló ń gbé e lọ. Cora Pruitt, opó tó ń gbowó lójú fèrèsé, ló ń gbé e lọ, nítorí obìnrin náà á béèrè ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń ro ó, á béèrè ẹṣin, á sì fi sùúrù gbọ́ èsì. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni. Òun ni Halvor fi ń la ọ̀sẹ̀ já.

Nígbà tí ìkórè parí lọ́dún 1931, ó pinnu pé òun á bá Cora sọ̀rọ̀ gidi. Ó se jáàmù èso igbó, ó rọ ọ́ sínú ìgò, ó fá irùngbọ̀n rẹ̀. Ó fi ìgò náà pamọ́ sábẹ́ kóòtù, ó sì dé ẹnu ọ̀nà báǹkì kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, kó lè rí i kí èrò tó dé.

Àṣìṣe tó ṣe nìyẹn. Lọ́dún náà, báǹkì ń kú káàkiri bí adìẹ lásìkò àrùn, èyí tó bá sì wó, owó olówó bá a lọ nìyẹn. Ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà báǹkì ní kùtùkùtù, a jẹ́ pé ó ti gbọ́ nǹkan.

Ingvald Moe alágbẹ̀dẹ ló kọ́kọ́ rí i.

"Halvor, kí lo gbọ́?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Hẹn? Lo wá fárùngbọ̀n báyìí? Kí ló wà lábẹ́ kóòtù yẹn, àpò tó o fẹ́ kówó sí ni?"

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ rẹ ti pọ̀ jù lónìí," Ingvald wí, ó sì tò sẹ́yìn rẹ̀.

Láàárín àwọn ọmọ Norway tó ṣí wá dáko ládùúgbò yìí, ẹni tó bá ní òun ò mọ nǹkan ni wọ́n máa ń gbà pé ó mọ̀ jù. Kí aago mẹ́sàn-án tó lù, ìlà ti gùn dé iwájú ṣọ́ọ̀bù irúgbìn. Ká ní Halvor yọ ìgò náà jáde ni, wọn ì bá rẹ́rìn-ín, wọn ì bá túká. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta máa gbé jáàmù wá fún opó lójú Ingvald! Bàbá Jáàmù ni wọn ì bá máa pè é títí tó fi máa kú. Ó fi ìgò náà sílẹ̀ lábẹ́ kóòtù. Bẹ́ẹ̀, bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ẹni dákẹ́.

Ilẹ̀kùn ṣí. Òun ló ṣíwájú. Cora wo ìlà, ó wá wò ó.

"Ẹ̀yin náà, Ọ̀gbẹ́ni Rud?"

Halvor ń gbọ́ èémí Ingvald lẹ́yìn ọrùn rẹ̀.

"Gbogbo ẹ̀ ni mo fẹ́ gbà," ló wí.

Cora ka owó fún un. Kò béèrè ẹsẹ̀, kò béèrè ẹṣin.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, owó ti tán. Báǹkì ti ilẹ̀kùn, kò sì ṣí i mọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò rí sẹ́ǹtì kan gbà. Lọ́jọ́bọ̀, Cora wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ojú ò jẹ́ kí Halvor lọ sí ibùdókọ̀.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, báǹkì mìíràn ṣí níbẹ̀. Ìjọba ti wá ń dúró fún owó èèyàn, bí báǹkì tiẹ̀ wó. Halvor kó owó rẹ̀ lọ. Ọ̀dọ́kùnrin kan ló gbà á, ó sì lu òǹtẹ̀ sí ìwé rẹ̀.

"Ó parí, bàbá. Ẹ fọkàn balẹ̀. Kò sídìí tẹ́ ẹ fi máa wá wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ mọ́."

Halvor ò kúrò lójú fèrèsé.

"Ṣé ẹ tún fẹ́ nǹkan ni?"

"Òjò ò tíì rọ̀ lọ́dọ̀ wa," Halvor wí.

"Kò rọ̀ níbì kankan, bàbá," ọmọ náà wí, ó sì pe ẹni tó kàn.