Gẹ̀gẹ̀ Tí Kò Padà sí Idigny

Owó tí mo fi ra búrẹ́dì kan ní Kétu láàárọ̀ yìí ì bá gbé mi dé Kutonu nígbà èwe mi, kó sì tún ṣẹ́kù fún ẹ̀wà. Ìgbà rẹfolúsíọ̀n ìjọba ni, mo wà ní yunifásítì ní Kutonu, kamaráàdì ni wọ́n ní ká máa pe ara wa.

Wọ́n gé gẹ̀gẹ̀ ọrùn àbúrò bàbá mi obìnrin, ará Idigny, wọ́n ní jẹjẹrẹ ni. Ọ̀gá mi ní ilé ìwádìí yunifásítì ní kí n mú díẹ̀ nínú rẹ̀, kí n máa sìn ín láàyè nínú ìgò, kí n máa wo ìwà rẹ̀. Ìyá, bí mo ṣe ń pè é, gbà, ṣùgbọ́n ó ní tí mo bá wò ó tán, kí n gbé e wálé, kí wọ́n rì í mọ́lẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé níbi tí wọ́n ri ibi ọmọ àwọn ọmọ rẹ̀ sí. Kò fẹ́ kí ara òun pín sí ìlú méjì.

"Kí lo fi ń bọ́ ọ?"

"Omi ẹ̀jẹ̀ ọmọ màlúù ni, Ìyá."

"Áà! Èmi ń mu gàrí, gẹ̀gẹ̀ mi ń jẹ màlúù ní Kutonu!"

Sẹ́ẹ̀lì tó yè kooro, bó bá kan ẹnìkejì rẹ̀, á dúró bí àgbẹ̀ tó dé ààlà oko. Ti gẹ̀gẹ̀ Ìyá kì í dúró, ńṣe ni wọ́n ń gun ara wọn. Inú àpótí tí iná mànàmáná ń mú móoru bí ara ènìyàn ni wọ́n ń gbé.

Wọ́n kó àwa akẹ́kọ̀ọ́ lọ ro àgbàdo ìjọba ní Okpomèta. Ọ̀rẹ́ mi tí ẹsẹ̀ ń dùn ló ṣọ́ ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n ti kìlọ̀ pé ká má fi iná orílẹ̀-èdè ṣòfò. Nígbà tí a padà dé, inú rẹ̀ ń dùn:

"Àpótí kan ń jó iná nínú yàrá òfìfo, mo pa á! Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi ní ìpàdé."

Mo ṣí àpótí náà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ti kú, wọ́n ti ṣí kúrò lára ìgò, wọ́n léfòó bí èèpo ọkà. Òfin ibẹ̀ ni pé kí wọ́n sun ohun tó bá kú. Kí n tó wá Faransé tí mo lè fi sọ pé ẹnìkan ń retí rẹ̀ nílé, wọ́n ti sun ún.

Nígbà tí mo dé Idigny, Ìyá ti gbẹ́ ihò sílẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé.

"Ṣé o gbé e dé?"

"Ó ti kú, Ìyá."

"Mo mọ̀ pé yóò kú. Mo ní, ṣé o gbé e dé?"

Gẹ̀gẹ̀ náà tún wú ní ọrùn rẹ̀, òun ló sì pa Ìyá. Ọ̀gá mi náà ti lọ. Nínú àwa tí a jọ ro àgbàdo, ó ku ẹnìkan ní Àjàṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi wà láàyè ní Adakplamè, ó ṣì ń pa iná káàkiri ilé. Ó sì ku èmi.