Ọjọ́ tí wọ́n ya fọ́tò ọwọ́ mi pẹ̀lú oyún

Kò sí ìtìjú tó dà bíi kí alùpùpù akérò gbé èèyàn ṣubú lójú ọ̀nà tí gbogbo ayé ti ń tajà. Ní àdúgbò Agbonou ni tèmi ti ṣẹlẹ̀. Ìyá ọkọ mi, tó wà lórí alùpùpù kejì, kọ́kọ́ rọ̀jò èébú lé ẹni tó gbé mi lórí kó tó fà mí dìde. Ọrùn ọwọ́ mi ti wú. Ó ní a ò ní dúró, ilé ìwòsàn yá, kí wọ́n lọ ya fọ́tò egungun náà.

Ẹ̀rù bà mí, kì í sì í ṣe torí ọwọ́. Oyún wà nínú mi. A ti wá ọmọ títí ó ti sú wa, ọkọ mi nìkan ló sì mọ̀ pé oyún náà ti dé. Àwọn àgbà ní oyún inú, a kì í kà á kún ọmọ tilẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní tirẹ̀, ayọ̀ rẹ̀ kì í sun ilé mọ́jú kó tó dé etí aládùúgbò.

Nígbà tá a dé ilé ìwòsàn, ọkùnrin tó fẹ́ ya fọ́tò náà bi mí bóyá mo lóyún. Kí n tó la ẹnu, ìyá ọkọ mi ti dá a lóhùn: “Èwo ni tìyẹn? Ọwọ́ ló ń dùn ún.”

Mo wo ilẹ̀, mo wo òrùlé. Mo ní, “Mo lóyún, sà.”

Ìyá jókòó. Ó tún dìde. Ó di apá mi kejì mú, ó ní ká máa lọ sílé, ìtànṣán ẹ̀rọ fọ́tò kankan ò ní kan ọmọ ọmọ òun. Ká sòótọ́, ẹsẹ̀ tèmi náà ti kọjú sí ilẹ̀kùn.

Dókítà obìnrin kan ló dá wa dúró. Kò bá wa jiyàn. Ó ní lóòótọ́ ni wọn kì í fi ìtànṣán ṣeré, ká ní ikùn ni wọ́n fẹ́ yà, òun ìbá rò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n ọwọ́ jìnnà sí ikùn, èyí tó máa dé ọ̀dọ̀ ọmọ kò tó nǹkan. Bí a kò bá yà á, tí egungun wá lẹ̀ ní wíwọ́ ńkọ́?

“Màmá, ṣé ọwọ́ kan ni yóò fi pọn ọmọ náà?” ni dókítà bi í.

Ìyá ọkọ mi, tí kì í gbẹ̀bi, jọ̀wọ́ apá mi. Ó ní kí wọ́n yà á. Wọ́n fi aṣọ òjé wíwúwo tí ìtànṣán kì í là kọjá bo ikùn mi, ó ní kí wọ́n fi òmíràn lé e. Wọ́n ní kó bọ́ síta, kí ìtànṣán má bàa kan òun náà. Kò kúrò.

“Èmi ti bímọ tèmi tán,” ó ní. “Ẹ jẹ́ kí n dúró síwájú ikùn rẹ̀, kó bà mí.”

Wọ́n rọra mú un jáde. Ọwọ́ kò pa mí lẹ́kún, ọ̀rọ̀ yẹn ló pa mí lẹ́kún.

Ọwọ́ mi ti jinná, ó tọ́ gbọnrangandan, ọmọ náà sì ń sáré kiri ilé báyìí. Ìyá ọkọ mi ò tíì sinmi ẹnu. Lánàá, ó bú mi torí iyọ̀ ọbẹ̀. Mo gbójú sókè láti fèsì, mo sì tún gbé èsì náà mì. Obìnrin tó fẹ́ fi ara rẹ̀ gba ìtànṣán nítorí ọmọ tí kò tíì pé wákàtí kan tó gbọ́ pé ó wà, ṣé torí iyọ̀ ni kí n ṣe bá a jà?