Ìlú Tí Ẹ̀rọ Fò Kọjá

Mo rántí ìgbà tí mo kọ́kọ́ dé ilé iṣẹ́ wa ní Ganhi, àdúgbò oníṣòwò létí òkun, nígbà Ehuzu, ìyẹn ìgbà ìjọba ológun oníyìípadà, tí gbogbo wa ń pe ara wa ní kamarádì. Kọ̀ǹpútà la fi ń pín oògùn fún àwọn ilé ìwòsàn káàkiri orílẹ̀-èdè. Òun nìkan ni wọ́n ra ẹ̀rọ amúlétutù fún. Àwa tí à ń sìn ín ń làágùn ní yàrá kejì, a sì máa ń wá àwáwí láti lọ kí i. Ọmọ Pobè ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ẹ̀kọ́ dé, mo sì gbà pé ohunkóhun tí ẹ̀rọ bá sọ, abẹ ni ó gé e.

Obìnrin Àgùdà kan tí à ń pè ní Tantì, bí ẹni ń pe àǹtí rẹ̀, ló ń kọ ètò tí ẹ̀rọ náà ń tẹ̀lé. Bí ẹ̀rọ bá kan ohun tí kò yé e, á dúró gbọnin, ẹnì kan á sì lọ wo ohun tó ṣe é. Èyí ń bí ọ̀gá wa nínú, torí àwọn àlejò ìjọba ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ wa.

"Kamarádì, ẹ jẹ́ kó máa fo ohun tí kò bá yé e, kó máa lọ."

"Ọ̀gá, ta ni yóò mọ ohun tó fò?" Tantì ní òun kò ní kọ ọ́. "A kì í fi iná sórí òrùlé sùn."

Ni ọ̀gá bá jókòó, ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rọ ń lọ geere. Mo pàtẹ́wọ́ fún un bí ẹni pé èmi ni mo bí i.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, nọ́ọ̀sì kan wọ ọkọ̀ wá láti apá Kétu, ẹrẹ̀ pupa sì bo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀wọ́, abẹ́rẹ́ oró ejò wa dà? Ejò ti ṣán àgbẹ̀ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú dé itan."

A wo ẹ̀rọ: ó ní iṣẹ́ ti parí, nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Tantì wá ìlú nọ́ọ̀sì náà títí nínú ìwé tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde, kò rí i. Ẹnì kan ló ti tẹ lẹ́tà O síbi tí òdo yẹ kó wà nínú nọ́ńbà ìlú náà. Ẹ̀rọ kò mọ̀ ọ́n kà, ó sì fo ìlú náà bí ọ̀gá ṣe ní kó ṣe.

Ọ̀gá yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ lápò, ó kó abẹ́rẹ́ sínú ọkọ̀, òun àti nọ́ọ̀sì náà sì gba ọ̀nà Kétu lọ. Àgbẹ̀ náà yè, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bọ̀ sípò mọ́. Nígbà tí ọ̀gá padà dé, ó ní, "Kamarádì… rárá, Tantì, ẹ bá mi yọ ohun tí mo kọ."

Lọ́jọ́ tí àwọn àlejò dé, ẹ̀rọ dúró gbọnin lójú wọn. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́: "Ó rí nǹkan ni. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu rẹ̀."

Mo ti lo oríṣiríṣi èdè kọ̀ǹpútà láti ìgbà náà. Nínú àwọn tuntun, àṣìṣe tí ìpín ètò kan kò bá lè yanjú, á bọ́ sọ́wọ́ ìpín tó wà lókè rẹ̀, títí yóò fi kan èyí tó lè tún un ṣe. Bí kò bá sí èyí tó lè ṣe é, iṣẹ́ á dúró. Síbẹ̀ mo ṣì ń rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń pa àṣìṣe lẹ́nu mọ́, kí iṣẹ́ wọn lè dà bí èyí tó gún. N kì í bá wọn jà. Àárò Tantì ló máa ń sọ mí, àti ti àwọn ọdún tí a rò pé à ń kọ́ ẹ̀rọ lọ́gbọ́n, àṣé bí ènìyàn ṣe ń sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́ ni à ń kọ́.